Ẹni Kan Ṣoṣo Tí Kòrónà Pa ní Òpópónà Ìfẹ́lódùn

Dókítà Adébímpé kì í pariwo mọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún ènìyàn lọ́bẹ, ṣe ló máa rọra yọ dígí ojú rẹ̀, yóò nù ún, yóò sì sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń kí ènìyàn kú oúnjẹ. Ohun tó ṣe fún Dúpẹ́olúwa lọ́sàn-án Ọjọ́ Ajé náà nìyẹn, nígbà tó ti ìdì ìwé ìbéèrè ogójì padà sí i lórí tábìlì.

“Inú yàrá rẹ lo jókòó sí, tí o fọwọ́ ara rẹ dáhùn gbogbo èyí.”

“Rárá o, Mà. Ojúlé sí ojúlé ni mo pín in.”

“Ogójì ilé ní òpópónà kan ṣoṣo ní Mafolúkù. Mọ́kàndínlógójì ní ìjà kankan ò ṣẹlẹ̀ ládùúgbò nígbà kónílé-ó-gbélé, Kòrónà ò sì pa ẹnikẹ́ni nílé àwọn. Ìwé kẹtàlélógún nìkan ló yàtọ̀. Ẹni yẹn ní Kòrónà pa ọmọ òun. Ó tún ní àdúgbò mú olè lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì lù ú. Ṣé ìlú mìíràn lòun ń gbé ni?” Ó gbé dígí rẹ̀ wọ̀ padà. “Lọ bá a. Gba ọjọ́, gba orúkọ ọsíbítù, gba ohun gbogbo. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá fìdí múlẹ̀, màá gba iṣẹ́ rẹ. Bí ò bá fìdí múlẹ̀, wàá tún ọdún yìí ṣe.”

Dúpẹ́ kó ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó jáde. Ọdún kan gbáko! Ó ti sọ fún gbogbo mọ̀lẹ́bí l'Ékìtì pé òun á jáde yunifásítì lọ́dún yìí. Àkọlé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ò tiẹ̀ le: ohun tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ṣe sí ìdílé ní àdúgbò kan. Àdúgbò tiwọn gan-an ló mú, nítorí bàbá rẹ̀ ni alága àwọn onílé, kò sì sí ẹni tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ alága.

Ó mọ ẹni tó kọ ìwé kẹtàlélógún. Ìyá Múyìwá ni, tíṣà fẹ̀yìntì, ọmọ Èkìtì bíi tiwọn, tó ń dá gbé ní ojúlé kẹsàn-án. Gbogbo Ìfẹ́lódùn ló mọ̀ pé Kòrónà pa Olúmúyìwá, ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin náà bí. Ìyẹn ò lọ́jú pọ̀. Ọ̀rọ̀ olè ló rú Dúpẹ́ lójú. Olè kan wá lóòótọ́ lọ́dún náà, òun gan-an ló kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ sọ fún un pé olè náà tún fo géètì padà, ó sì sá lọ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó wà l'Ékòó nígbà kónílé-ó-gbélé kò nílò àlàyé. Ebi ń pa èèyàn, wọ́n sì ń gbé ìròyìn kiri pé àwọn ọmọọ̀ta ń bọ̀ láti wá kó ilé kọ̀ọ̀kan. Làwọn àdúgbò bá ti géètì pa. Àwọn ọkùnrin á jókòó ti táyà tó ń jó mọ́jú, wọ́n á sì sun oorun ọ̀sán bí òkú. Àwọn ọmọ tó ti bàlágà ló ń ṣọ́ ọ̀nà lọ́sàn-án. Òfin ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: bí o bá rí àjèjì, mú irin, lu òpó iná. Ẹni tó bá gbọ́ ìró òpó gbọ́dọ̀ jáde pẹ̀lú ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé tí kò bá jáde, wọ́n á ní òun ló ń fi ọ̀nà han olè.

Àwọn èèyàn Ìfẹ́lódùn kì í ṣe ọ̀làwọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín. Ilé mìíràn níbẹ̀, wọn kò jọ kíra wọn. Ṣùgbọ́n tó bá kan Ìyá Múyìwá, gbogbo wọn a di ọmọ rere. Láti ọdún márùn-ún tí ọmọ rẹ̀ ti kú, kò pọn omi fúnra rẹ̀ rí. Wọ́n pín omi náà láàrin ara wọn, ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ ti Mùnírù tó ń lẹ táyà lẹ́nu géètì. Dúpẹ́ rò pé ìfẹ́ ni.

Ìyá Múyìwá ń ṣa ẹ̀wà lórí ìjókòó rẹ̀ nígbà tí Dúpẹ́ wọlé ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Odó rẹ̀ wà ní igun yàrá, ọmọ odó rẹ̀ fi ara ti ògiri.

“Ẹ káàárọ̀, Mà. Ìwé tí ẹ kọ fún mi yẹn ló gbé mi wá. Tíṣà mi ní ó kù díẹ̀ káàtó.”

“Tíṣà tó bá ń béèrè ni tíṣà. Jókòó, ọmọ mi. Bi mí.”

“Ìbéèrè kẹrìnlá, Mà. Ẹ ní wọ́n lu olè.”

“Wọ́n lù ú kẹ̀? A lù ú ni. Má yọ mí kúrò níbẹ̀.” Ìyá rẹ́rìn-ín. “Mò ń gúnyán lọ́wọ́ nígbà tí òpó dún. N ò ráyè nu ọwọ́, ọmọ odó yẹn náà ni mo gbé jáde. Èrò ti bò ó, ariwo gba gbogbo ilẹ̀. N ò rí ju ẹ̀yìn ẹ̀ lọ, àti ìbòmú dúdú tí ẹ̀jẹ̀ ti rin gbindin. Ni mo bá gbé e lé e léjìká lẹ́ẹ̀kan péré, ó dún kọ̀ọ̀. Inú bí mi o, Dúpẹ́. Àrùn níta, ebi nílé, kí olè tún wá gba ìwọ̀nba tó kù? Ọwọ́ ọ̀tún yìí dùn mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ta ló tiẹ̀ lu òpó lọ́jọ́ yẹn?”

“Èmi ni, Mà.”

“O káre. Ojú rẹ ò ní fọ́.”

Dúpẹ́ ṣe àmín. Kí n má parọ́, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó rántí bí ó ṣe wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó rí ọkùnrin kan tó de fìlà, tó fi ìbòmú dúdú bo ojú, tó ń gun géètì bí ọ̀bọ, ọ̀rá funfun kékeré kan so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó rántí bí ó ṣe sáré sọ̀ kalẹ̀, tó fi irin lu òpó títí apá fi ń ro ó. Ẹ̀yìn náà ni màmá rẹ̀ fà á wọlé, tó ti fèrèsé, tó sì tan rédíò sókè gan-an. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo èèyàn ló ń yìn ín.

“Ọjọ́ wo nìyẹn, Mà?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé Àjíǹde. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin. Tíṣà kì í gbàgbé ọjọ́.”

Dúpẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó béèrè nípa Múyìwá: ọsíbítù wo ni, dókítà wo ló tọ́jú rẹ̀?

“Wọn ò sọ fún mi.” Ìyá kó ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà. “Bàbá rẹ ló wá bá mi nírọ̀lẹ́, òun àti Mùnírù. Mùnírù ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ọ̀rẹ́ ọmọ mi ni láti kékeré. Wọ́n ní ó ṣubú níbi iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n gbé e dé ọsíbítù, Kòrónà pa á. Wọ́n ní ìjọba ò gbà kí wọ́n ṣí irú òkú bẹ́ẹ̀ wò. Inú ọ̀rá ni wọ́n dì í sí. Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí àlejò, wọ́n sin ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ó ti pè mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn o! Ó ní òun ti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, òun á yọ́ rìn wá láti Ìre-Àkàrí níbi tó ń gbé lọ́sàn-án. Iyán tí mò ń gún yẹn, tirẹ̀ ni.”

“Ọjọ́ wo nìyẹn, Mà?”

“Ṣé o ò gbọ́ mi ni? Ọjọ́ kan náà ni. Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu.”

Dúpẹ́ kọ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin sí ìsàlẹ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin. Ó wo méjèèjì. Ọ̀rá funfun kékeré yẹn tún yọ sí i lójú, irú èyí tí wọ́n máa ń di oògùn sí. Bírò rẹ̀ bọ́, ó yí lọ sábẹ́ àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wá a nítorí pé kò fẹ́ kí ìyá rí ojú òun.

“Dúpẹ́, ìwọ tí o mọ ọ̀nà ìwádìí, bá mi wádìí,” ni ìyá wí lókè orí rẹ̀. “Kì í ṣe nítorí ìwé rẹ o. Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀ nígbà tó ń kú lọ? Ṣé ó pè mí? Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Ṣèlérí fún mi.”

“Mo ṣèlérí, Mà.”

Bó ṣe ń rìn lọ sí ẹnu géètì, àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà: kí ó jẹ́ pé èèyàn méjì ló wá sí Ìfẹ́lódùn lọ́jọ́ náà. Ó ń bẹ Ọlọ́run fún olè.

Mùnírù ń fi irin ńlá tú táyà lára ọkọ̀ kan. Ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, àwọn ọmọdé àdúgbò a máa gun ejìká rẹ̀ bí ẹní gun igi.

“Bọ̀ọ̀dá Mùnírù, ta ni ẹ pa lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin?”

“Kí lo wí?”

“Olè tí mo lu òpó fún. Wọ́n ní ó sá lọ. Ìyá Múyìwá ní wọ́n lù ú, òun náà sì lù ú. Ta ni?”

“Abeg, Dúpẹ́, lọ sílé. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi.”

Dúpẹ́ na ìwé tó kọ ọjọ́ méjèèjì sí níwájú rẹ̀. Mùnírù wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà bìrí, ó sì ju sípánà ńlá ọwọ́ rẹ̀. Sípánà náà fò kọjá létí Dúpẹ́, ó fọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yángá. Kí Dúpẹ́ tó sọ pé yéè, ọwọ́ Mùnírù ti wà lọ́fun rẹ̀, ó ti gbé e lu ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́. Òórùn epo gba imú rẹ̀. Ó fi èékánná ya ojú ọkùnrin náà, ẹ̀jẹ̀ jáde, Mùnírù ò tiẹ̀ mọ̀.

“Ta ló rán ẹ? Ta ló rán ẹ sí wa?”

“Ìyá ẹ̀,” ni Dúpẹ́ fi èémí tó kù sọ. “Ìyá ẹ̀ ló rán mi.”

Ọwọ́ náà tú. Dúpẹ́ ṣubú sórí táyà, ó ń wú ikọ́. Mùnírù náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìwo ẹnikẹ́ni.

“Oorun ni mò ń sùn níbí nígbà tí o lu òpó. Mo jí pẹ̀lú ìbínú, sípánà yẹn lọ́wọ́ mi. Mo rí i tó ń bọ̀, ó ti bojú. Ó gbé ọwọ́ sókè kó yọ ìbòmú yẹn, èmi rò pé ohun ìjà ló fẹ́ yọ. Ẹnu ni mo fi sípánà bà. Mo gbọ́ bí eyín ṣe rún, Dúpẹ́. Ibẹ̀ ni kò ti lè pe orúkọ ara ẹ̀ mọ́. Àwọn yòókù bá dé. Pákó, bíríkì, irin bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ẹ fi ọ̀pá géètì ṣẹ́ orúnkún ẹ̀, ó bá ṣubú, ó wá ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ nílẹ̀. Ojúlé kẹsàn-án ló ń wọ́ lọ. A ní ẹ wò ó, ó fẹ́ wọlé onílé, a tún lù ú sí i. Àfi bí ìyá ṣe jáde.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Ó gbójú sókè, ó rí i. Ó ní Màámi. Ẹ̀jẹ̀ ló kún ẹnu ẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Mo rò pé ó kàn ń bẹ̀bẹ̀ ni, ṣebí ẹni tó bá ń kú lọ ló ń ké pe ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pè é. Ìyá gbé ọmọ odó lé e, ó sì padà wọlé. Ó ní iyán òun á tutù.”

Dúpẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́.

“Ẹ̀yìn ìyẹn ni okùn ìbòmú já. Èmi ni mo ṣí i kúrò. Mo wo géètì, ipasẹ̀ bàtà ẹ̀ wà níbi tí àwa méjèèjì máa ń tẹ̀ tá a bá fẹ́ fò ó nígbà tá a wà ní kékeré. Àjèjì wo ló mọ ibẹ̀? Ó ṣì ń mí. A fi ọmọlanke tì í kiri. Ọsíbítù méjì lé wa, wọ́n ní ẹni tó bá ń pọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, Kòrónà ló ní, ká gbé e lọ. Ẹnu géètì ọsíbítù kejì ló kú sí.”

“Màá sọ fún un,” ni Dúpẹ́ wí.

“Pa mí ná, kó o tó sọ ọ́.” Ó na ọwọ́ mú sípánà náà nílẹ̀, ó tì í sí i. “Jọ̀ọ́.”

Dúpẹ́ ò mú un. Ó sáré wọlé lọ bá bàbá rẹ̀ tó ń jẹun ọ̀sán, ó ju ìdì ìwé ìbéèrè sínú ọbẹ̀ ọkùnrin náà. Ọmọ tí kì í wo ojú bàbá rẹ̀! Ọbẹ̀ ta sí ẹ̀wù alága.

“Mọ́kàndínlógójì ilé, ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo wọn ní èsì! Ẹ pa Múyìwá, ẹ wá ń ṣíwájú àdúrà fún ìyá ẹ̀ nílé ìjọsìn!”

Ìgbátí tó gbà gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Èkejì ya ètè rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò lù ú rí láti ìgbà tó ti dáyé, ó sì hàn pé kò mọ̀ ọ́n lù, nítorí ó ń lù ú bí ẹni tí ilé ń jó mọ́. Dúpẹ́ mú àwo, ó fi la ọrùn ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ta sórí ìwé. Ìgbà tí àwo náà fọ́ ni ọkùnrin náà tó dúró, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, Dádì. Mo ti ṣèlérí.”

“Láti mọ kí ni? Pé ta ló ṣe kí ni? Tẹ̀ síwájú. Ta ló lu òpó?”

Dúpẹ́ nu ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀.

“Ta ló lu òpó, Dúpẹ́olúwa?”

“Ẹ̀yin lẹ ní tí mo bá rí àjèjì kí n lù ú.”

“Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ẹ pé ó sá lọ.” Ó jókòó, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń jò láàrin ìka. “Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ní í bá. A gbọ́ ọ, a ò gbà á gbọ́. Èmi ń gbé tèmi. Mùnírù ń gbé tirẹ̀. Ìwọ ṣì kéré, wàá rí tìrẹ gbé. Ìyá yẹn ńkọ́? Ẹni àádọ́rin ọdún, kí ló fẹ́ fi gbé e? Ó dáa, ojúlé kẹsàn-án nìyẹn. Lọ sọ fún un pé ọmọ odó.”

Inú Dúpẹ́ bàjẹ́ kọjá sísọ. Ó kórìíra bàbá rẹ̀, ó kórìíra ara rẹ̀, ó sì wá rí i pé kò sí ẹni tó kù tí òun lè bá bínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó fi ankáṣífù bo ètè rẹ̀ tó wú, ó kan ilẹ̀kùn ojúlé kẹsàn-án. Ìró tó gbọ́ láti inú ilé mú kí ó fẹ́ yí padà. Ìyá Múyìwá ń gúnyán.

“Mo mọ̀ pé wàá wá. Ọmọ tó bá ṣiṣẹ́ fún ni, iyán la fi ń kí i.” Ó gbé ọmọ odó sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. “Kí ló ṣe ọ́ lẹ́nu?”

“Mo ṣubú ni, Mà.”

“Pẹ̀lẹ́. O rí i?”

“Mo rí nọ́ọ̀sì kan, Mà. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.” Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n, ó ya òun gan-an lẹ́nu. “Kòrónà ni.”

Ìyá dá ọwọ́ dúró. Ó fi ara ti ọmọ odó bí ẹni fi ara ti ọ̀pá. “Ṣé ó pè mí?”

“Ó pè yín, Mà. Ó ní Màámi.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré, Mà.”

Ẹkún tí ìyá sun kò ní ariwo. Ó pẹ́ kó tó nu ojú. Ó dúpẹ́, ó súre, ó ní àwọn ọmọ Dúpẹ́ náà á máa pè é. Lẹ́yìn náà ló bu iyán, ó gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí, ó sì jókòó láti wò ó kí ó tó jẹun tirẹ̀. Dúpẹ́ fọ ọwọ́. Ó gé òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ata jó ètè rẹ̀ tó ya, kò ráhùn. Ó jẹ ẹ́ tán.

Mọ́kàndínlógójì ìwé ló dá padà fún Dókítà Adébímpé. Obìnrin náà ka wọ́n, tọbẹ̀ tẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ lára wọn, ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó béèrè ìwé kẹtàlélógún. Dúpẹ́ ní kò fìdí múlẹ̀.

“Nígbà náà, ọdún tó ń bọ̀,” ni dókítà wí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, kí Mùnírù tó gbé korobá rẹ̀ dé, àgbá omi Ìyá Múyìwá ti kún dé ẹnu. Ìyá ṣí ilẹ̀kùn, ó rí Dúpẹ́ tó ń fún etí aṣọ rẹ̀ tó tutù.

“Háà! Ìwọ náà?”

“Èmi náà, Mà,” ni Dúpẹ́ dáhùn. “Ọjọ́rú ti di tèmi.”